Kí A Tó Gbé Ọkọ̀ Àgbà Relé: Àìsàn Bíréèkì àti ti Gíà

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó wà ní Port Harcourt, ìsinmi ń bọ̀, àwa tí a máa ń dáwó epo sínú Peugeot 504 àgbà kan láti Choba dé Ìbàdàn sì ti ń palẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Kàdúná. Tiwa yìí dàgbà ju púpọ̀ nínú àwa tó ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ní ìsinmi kan tó kọjá, a ò tíì dé Emohua tí bíréèkì fi wọlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ wa, tí ọkọ̀ kò sì dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó já gíà wálẹ̀ sí ìkejì, ó rọra fa bíréèkì ọwọ́, kí Ọlọ́run tó bá wa dá a dúró sínú koríko. Ohun tó dùn wá jù ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ náà ti ń kìlọ̀ fún wa. A ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ ká tó sọ àìsàn rẹ̀ lórúkọ.

Bíréèkì ni ká fi ṣáájú. Kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dúró lé e fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá le tí kò yẹ̀, ó dára. Bí ó bá rọ̀ bíi kànìnkànìn, tó ń le sí i bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó sábà máa ń jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù; ẹ ní kí wọ́n fà á jáde. Bí ó bá ń rọra rì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn táyà bóyá epo ń jò. Bí ẹ kò bá rí i kó máa jò, ẹ fura sí rọ́bà inú másítà, èyí tó ń ti epo lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí gan-an ló ṣe wá.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ kan ni kò dì mú bí èkejì. Bí irin bá ń ha irin, pádì ti tán. Bí ó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ yẹ dísìkì wò, ó lè ti wọ́.

Ẹ má gbàgbé epo bíréèkì. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìlú òjò sì ni ìlú tí a wà yìí. Òjò ọdún kan ju 2,000 mm lọ. Epo DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bíi 140°C. Epo tó bá ń hó á kún fún afẹ́fẹ́ gbígbóná. Bí a bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò kàn máa fún pọ̀, ọkọ̀ kò ní dúró. Nítorí náà, ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi epo ẹ́ńjìnnì dípò rẹ̀ láé. Ńṣe ni yóò mú kí rọ́bà wú.

Ó wá ku gíà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ní gíàbọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí eré kò pọ̀ sí i, pàápàá bí ẹ bá ń gun òkè, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Ẹ dán an wò níbi tó ṣófo: ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, ẹ kó o sí gíà kẹta, kí ẹ wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Bí gbogbo gíà bá ń ké kí wọ́n tó wọlé, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Bí ó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ké, tàbí tó ń fò jáde fúnra rẹ̀, inú gíàbọ́ọ̀sì ni kí ẹ wò. Ariwo tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fura sí bẹ́rìn kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fura sí bẹ́rìn inú gíàbọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní lọ ra gíàbọ́ọ̀sì ní ọjà Ikoku nígbà tó jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí bíréèkì bá ti ń rì, ẹ má gbéra, ìbáà jẹ́ pé ẹrù ti wà nínú búùtù. Ọ̀nà Ahoada, Patani, Warri àti Benin títí dé Orè jìn, ilé kò sì ní sá lọ. Àwa ni àwọn òbí wa ń retí, kì í ṣe ìròyìn wa. Ká fojú rinjú lẹ́yìn ìsinmi o.