Ìwé Ẹnubodè àti Ọjà Ifangni

Ìlà ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ni ó pín àwọn Ìfọ̀nyìn, ẹ̀yà Yorùbá kan, sí ọ̀nà méjì, tí apá kan fi wà ní Ifangni ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí apá kejì sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Síbẹ̀, epo pupa àti àgbàdo kò yé gba Igolo ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ kọjá sí Ìdí-Ìrókò ní ìhà Nàìjíríà. Ẹrù kan náà ni aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ yóò yẹ̀ wò, tí yóò kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé, kí aṣọ́bodè Nàìjíríà tó tún un yẹ̀ wò, kí òun náà sì kọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní ìhà kan, tí wọ́n ń ná náírà ní ìkejì.

Òfin tí ó yẹ kí ó dín wàhálà yìí kù ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1979 ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí CEDEAO, bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó mú owó-orí ẹnubodè kúrò lórí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá ti inú àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ wá, ó sì fi ọjà ilé-iṣẹ́ kún un ní 1990. Ọjà ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí orírun, èyí tí í ṣe ìwé tí ó ń jẹ́rìí sí ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà, ṣùgbọ́n àgbàdo tí wọ́n ká ní oko Ifangni kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò san ohun tí wọ́n bá bù fún un.

Ètò náà kò kan ìrẹsì Thailand tí ó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, nítorí pé ẹkùn yìí kọ́ ni wọ́n ti gbìn ín. Kò sì ṣeé fi bò pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀, òun sì ni ìjọba Nàìjíríà tọ́ka sí nígbà tí ó ti ẹnubodè pa ní Oṣù Kẹjọ 2019. Ṣùgbọ́n alágbàdo àti onífàyàwọ́ ni wọ́n jọ jìyà rẹ̀: wọ́n tún ẹnubodè Sèmè ṣí ní Oṣù Kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò wà ní títì títí di Oṣù Kẹrin 2022.

Àjọ Okòwò Àgbáyé náà ní àdéhùn kan lórí mímú ọ̀nà okòwò rọrùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kejì 2017, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà sì jọ fọwọ́ sí. Ó fi àyè sílẹ̀ kí oníṣòwò fi ìwé ẹrù rẹ̀ ṣáájú kí ẹrù tó dé, ó sì rọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ pààlà pé kí wọ́n mú wákàtí iṣẹ́ wọn bára mu, kí aṣọ́bodè méjèèjì sì máa yẹ ẹrù wò pọ̀ ní ojú kan. Irú ilé àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ààrẹ méjèèjì ṣí ní Sèmè-Kraké ní Oṣù Kẹwàá 2018. Etíkun ni ìyẹn wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà. Alágbàdo Igolo kì í gba ibẹ̀.

Àdéhùn yìí kan náà ní kí ìjọba gbé ìlànà àti iye owó ẹnubodè síta fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí Sípáníìṣì níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Kò sọ nǹkan kan nípa Yorùbá tàbí Gùn, tí wọ́n fi ń ná ọjà ní Igolo, kò sì sí ohun tí ó ní kí ìjọba má fi èdè wọ̀nyí lẹ iye owó mọ́ ara ògiri ẹnubodè.