Ọ̀nà Ojú Ọ̀run àti Àwọn Èbúté Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dàbí ohun tí ó jìnnà sí àwa ará etí òkun, nítorí pé kò sí pápákọ̀ òfurufú kankan ní gbogbo ilẹ̀ Ìlàjẹ, láti Ayétòrò títí dé Ìgbòkòdá. Ṣùgbọ́n a ní àwọn ọmọ wa tí ń pẹja ní Kamẹrúùnù àti ní Gàbọ́ọ̀nù. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé, tí a sì ní láti pè wọ́n wálé kíákíá, ọkọ̀ òfurufú ni a ń wò. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ń béèrè pé: èéṣe tí ẹni tí ń ti Libreville bọ̀ wá sí Èkó fi ń kọ́kọ́ sọ̀ ní Lomé lọ́pọ̀ ìgbà, ìlú tí ó kéré púpọ̀ bí a bá fi wé Èkó?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun tiwa. Ní ọdún 1885, G. L. Gaiser, oníṣòwò ará Jámánì tí ó ní ilé ìtajà ní Èkó, gba ààyè ní etí òkun Màhín lọ́wọ́ Amapetu. Ohun tí ó ń wá kò farasin: ó fẹ́ èbúté tí ọjà yóò máa gbà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá láìsan owó ibodè fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ẹni tí ó ti fi ilẹ̀ Tógò sí abẹ́ wọn ní 1884, wá bá Amapetu dá májẹ̀mú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, Jámánì ti fi Màhín sílẹ̀ fún wọn. Kíyèsí i pé Lomé pàápàá dàgbà ní irú ọ̀nà kan náà, nítorí àwọn oníṣòwò tí ń sá fún owó ibodè Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast ni wọ́n sọ ọ́ di ìlú ọjà. Èbúté tiwọn yè. Tiwa kò là. Nítòótọ́, kì í ṣe ìtóbi ìlú nìkan ni ó ń sọ ọ́ di èbúté; ẹni tí a fún láyè àti owó tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó ti rí lórí omi, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú ọ̀run. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé ní Chicago pé olúkúlùkù ni ó ni òfurufú tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà kò lè kó èrò wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, a sì ń ka àwọn ẹ̀tọ́ náà ní ẹsẹẹsẹ. Kí a fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àkàwé. Kí ọlọ́kọ̀ Ayétòrò kọjá níwájú Ùgbónlá láìdúró ni ẹ̀tọ́ kìíní. Kí ó dúró níbẹ̀ ra epo láìkó èrò ni èkejì. Kí ó kó èrò Ayétòrò lọ sí Ìgbòkòdá ni ẹ̀kẹta. Kí ó kó èrò Ìgbòkòdá padà wá sílé ni ẹ̀kẹrin. Títí dé ibẹ̀ kò sí ìjà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ Ayétòrò bá dé Ìgbòkòdá tán, tí ó tún kó èrò ibẹ̀ lọ sí Àtìjẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ Ìgbòkòdá yóò wí! Èyí ni ẹ̀tọ́ karùn-ún, òun ni àwọn ìjọba sì ń fi ìlọ́ra fún ara wọn.

Tógò kò lọ́ra. Ilé iṣẹ́ Air Afrique, tí ìjọba mọ́kànlá tí ń sọ èdè Faransé dá sílẹ̀ ní 1961, wó ní 2002. Nigeria Airways, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, tẹ̀lé e ní 2003. Ààyè ṣófo. ASKY bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Lomé ní 2010 pẹ̀lú ọwọ́ Ethiopian Airlines nínú rẹ̀. A ṣí ilé èrò tuntun níbẹ̀ ní 2016, ní ọdún kan náà ni Ethiopian Airlines sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Lomé lọ sí Newark ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀tọ́ karùn-ún gan-an nìyẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ni ti ọjọ́ ọjà Ìgbòkòdá. Ọkọ̀ láti Dakar, Bamako, Èkó, Douala àti Libreville a máa bà ní wákàtí tí ó súnmọ́ra, èrò a bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn lábẹ́ òrùlé kan náà, gbogbo wọn a sì tún gbéra. Bí ọ̀nà mẹ́wàá bá pàdé báyìí, ìrìn-àjò oríṣi 45 ni ó ti inú rẹ̀ jáde láàárín ìlú méjì méjì. Èrò Èkó tí kò pọ̀ tó láti kún ọkọ̀ kan lọ tààrà sí Libreville a bá èrò Bamako àti ti Dakar jókòó pọ̀.

Èkó ní èrò ju Lomé lọ lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oríta. Ẹni tí ó bá ti òkè òkun dé, tí ó ń lọ sí Àkúrẹ́, ní láti kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ó sì wọ mọ́tò lọ sí ilé èrò mìíràn. Owó àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ó há sí Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 800 dọ́là lọ ní 2023. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni ó lé Emirates lọ ní 2022, kò sì padà títí di oṣù Kẹwàá 2024.

Àwọn onílé iṣẹ́ tiwa ní ẹjọ́ tiwọn. Ní 2021, nígbà tí àwọn ará Emirates fún Air Peace ní ìrìn ẹyọ kan lọ́sẹ̀ sí Sharjah dípò mẹ́ta tí ó béèrè, ìjọba wa dín ti Emirates kù sí ẹyọ kan pẹ̀lú. Àwa kò rí ẹ̀bi nínú èyí, nítorí májẹ̀mú tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ èrè rẹ̀ kò yẹ ní májẹ̀mú. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ Áfíríkà ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Àwọn ìjọba wa ti pinnu ní Yamoussoukro ní 1999 pé kí a ṣí ọ̀nà fún ara wa, títí kan ẹ̀tọ́ karùn-ún. Nàìjíríà sì wà nínú ìjọba 23 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà òfurufú kan ṣoṣo ní oṣù Kìíní 2018. Àwọn onílé iṣẹ́ wa ń bẹ̀rù pé Ethiopian Airlines yóò gbé wọn mì. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí owó èlé tí wọ́n ń san lórí gbèsè pọ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn tí a tì kò mú Lomé kéré; èrò ni ó ń san owó rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn olórí ìjọba ECOWAS pinnu pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, kí a mú owó orí kúrò lórí ìrìn òfurufú láàárín wọn, kí a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó iṣẹ́ àti owó ààbò tí a ń gbà lọ́wọ́ èrò. Gàbọ́ọ̀nù àti Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS. Nítorí náà, fún apẹja wa tí ń ti Libreville bọ̀ wá sin òkú bàbá rẹ̀, apá tí ìpinnu náà kàn nínú ọ̀nà rẹ̀ ni láti Lomé dé Èkó.