Ṣé O Mọ̀? Òòyì Alátọ̀gbẹ, Láti Orí Ẹní dé Ìdúró

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ṣe ń dìde lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ tó tó ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, nígbà mìíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ti ṣàn lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ? Ẹ̀jẹ̀ náà bí omi ni, ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ.

Ṣé o mọ̀ pé o ní olùṣọ́ lọ́rùn? Níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ti pín sí méjì lábẹ́ àgbọ̀n, ara ń gbọ́ ọ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀. Olùṣọ́ á ké sí ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ọkàn yára, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àti ikùn fún pọ̀. Kí o tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti parí.

Àtọ̀gbẹ ni kì í jẹ́ kí wọ́n jíṣẹ́ yẹn. Ṣúgà tó ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á máa jẹ àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri, irú èyí tó ń jẹ lẹ́sẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń jó bí iná.

Wo bàbá alátọ̀gbẹ kan ní Òkè-Oyi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin (ẹ má fi òòyì túmọ̀ orúkọ ìlú náà fún mi o). Ìrun àsùbáà ni. Ó forí kanlẹ̀, ó jókòó, ó tún forí kanlẹ̀, ó dìde fún rákáà kejì. Ojú rẹ̀ ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ògiri. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé oorun ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀, kó rántí pé dídìde rẹ̀ ló nira.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà wà fún ìfúnpá tó ń já báyìí? Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú 3 tí èèyàn dìde, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Kí o dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n wọ̀n ọ́. Kí o dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́ ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkẹta. Ẹni tí wọ́n ń wọ̀n lórí àga nìkan, ìdajì ìròyìn ló ń gbà lọ sílé.

Bí ìfúnpá bá já tí ọkàn kò sáré, àwọn iṣan tín-ín-rín yẹn ló sábà ń bàjẹ́. Bó bá ń sáré kíkankíkan, ó lè jẹ́ omi ló gbẹ lára: ṣúgà tó ga a máa fa omi jáde pẹ̀lú ìtọ̀.



Ṣé o mọ̀ pé bàbá àsùbáà yẹn lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru lórí ibùsùn, kí ìfúnpá rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù lórí ìdúró? Èyí ló ń da dókítà láàmú jù. Fi kún oògùn, ó ṣubú; dín in kù, ẹ̀jẹ̀ ru lóru. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ àti àwọn kan tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta lè dá kún un. Kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o!

Oúnjẹ ńkọ́? Lẹ́yìn àmàlà tó kún abọ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ síkùn, ìfúnpá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ á tún lọ sílẹ̀.

Ọrùn àti èjìká tó ń ro ẹni tó bá dúró, tó sì lọ bó bá dùbúlẹ̀, ọ̀kan nínú àmì ìfúnpá tó ń já ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, téèyàn bá mu ún kíákíá kó tó dìde, lè gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ omi mu nítorí kíndìnrín tàbí ọkàn, tirẹ̀ yàtọ̀. Kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó létí ibùsùn, kó máa ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sódò.

Igi pákó méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí ńkọ́? Bí orí bá ga díẹ̀, ìtọ̀ òru á dín kù, omi tó yẹ kó ti lọ á ṣì wà lára nígbà tí ládàánì bá pe ìrun àsùbáà.