Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá: Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbèrè, Ìjọ àti Òfin ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ baba ni yóò fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá bí àwọn ọmọ bá jókòó yí i ká. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá bá ọmọ sọ nínú ilé, ẹlòmíràn yóò bá a sọ ọ́ lóde, ẹni náà sì lè má fẹ́ ire rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìjọ kan tí a kì yóò dárúkọ, a mú ọmọbìnrin akọrin kan wá síwájú àwọn àgbà nítorí pé ó lóyún láìlọ́kọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwa ni akọ̀wé ìpàdé ọjọ́ náà. Ó dúró, ó tẹjú mọ́lẹ̀, kò fọhùn. A yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, a sì fi gègé wa kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣe àgbèrè. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó béèrè ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ tó sọkún sọ fún wa pé ìbátan wọn kan, tí ó ń gbé inú ilé náà, ni ó fi ipá mú un, àti pé nítorí orúkọ ẹbí ni wọ́n ṣe dákẹ́. Ọkùnrin náà ń bá wa jẹun níbi tábìlì Olúwa ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí a fi gbọ́, ó ti kó kúrò ní ìlú.

Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé: ta ni ó ń fi ààlà sáàárín ìbálòpọ̀ tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́? Nígbà tí ẹnìkan bá sì ré ààlà náà kọjá, orí ta ni pàṣán ń bà lé? Ní ilẹ̀ wa yìí, ibi mẹ́ta ni a ti ń dá ẹjọ́ náà: nínú ilé, nínú ìjọ, àti níwájú ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Kí ìhìnrere tó dé, àwọn baba wa kì í ṣe ẹni tí ń gbé láìní òfin, bí àwọn àlejò kan ti rò. Ní Oǹdó, ayẹyẹ Obìtun wà fún àwọn ọmọbìnrin tí ó bàlágà: a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì jó ní gbangba, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé wọ́n ti kúrò ní ọmọdé. Jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń wo aṣọ funfun ìyàwó ní òwúrọ̀. Bí a bá bá a nílé, ẹ̀bùn àti ìyìn a dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀; bí a kò bá bá a nílé, agbè ẹmu tí kò kún ni a ó fi ránṣẹ́, ìtìjú a sì bo ilé náà. Ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan jẹ́ èèwọ̀ ńlá. Bí ó bá jẹ́ òfin àwọn baba wa ni a fi wọn ọ̀ràn ọmọbìnrin yẹn, ọkùnrin náà ni wọn ìbá kọ́kọ́ pè.

Síbẹ̀, òsùwọ̀n àwọn baba wa kò dọ́gba. Kò sí ẹni tí ó bi ọkọ ìyàwó léèrè bí òun náà ti wà kí ó tó gbéyàwó. Bí aya bá ní àlè, pańṣágà ni. Bí ọkọ bá fẹ́ ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin, ọlọ́lá ni. A máa ń gbọ́ ìtàn mágùn, tí wọ́n ní ọkọ a fi sára aya rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ọkùnrin tí ó bá sún mọ́ ọn lè kú. A kò tíì gbọ́ ìtàn aya tí ìlú fún láyè láti fi irú rẹ̀ ṣọ́ ọkọ.

Ìjọ sì dé. Charles Phillips, ẹni tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, dé Oǹdó ní 1877 láti wàásù. Ohun tí ìlú ń pè ní ọlá, ìyẹn ìkóbìnrinjọ, ìjọ pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1888, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tí ó pàdé ní Lambeth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n pé a lè ṣe é fún àwọn aya rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ìrìbọmi ní láti yan aya kan, kí ó sì jọ̀wọ́ àwọn yòókù. Ẹ ro ipò obìnrin tí a jọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀! Kò ré ààlà ìlú rẹ̀ kọjá. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó fà á fún ọkọ. Òun ni ó sì padà sílé baba rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, kí ẹlòmíràn lè di mímọ́. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó fa ìyapa láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní 1917, tí a fi dá ìjọ United African Methodist, Ẹlẹ́ja, sílẹ̀. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ní 1988, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth yí ọ̀rọ̀ náà padà: a lè gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kì yóò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, tí àwọn ará ìjọ ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí a má fi ipá mú un lé aya kankan jáde, nítorí ìyà tí yóò jẹ àwọn obìnrin náà. Ìjọ kò sọ pé ìkóbìnrinjọ dára. Ó kàn wá rí ẹni tí pàṣán ń bà.

Níwájú ìjọba ńkọ́? Òfin ìgbéyàwó ti 1884 ní Èkó mú àṣà ọkọ kan aya kan wọ inú ìwé òfin. Ní àwọn kóòtù ìbílẹ̀, bí obìnrin bá kọ ọkọ, ọkọ tuntun ni yóò san owó tí ti àkọ́kọ́ ná padà. Ní 1916 ni ìwé òfin ọ̀daràn Nàìjíríà dé, tí a fa yọ láti inú èyí tí a kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Australia ní 1899. Ìwé yìí kò ka pańṣágà sí ọ̀ràn tí a ń torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn dá obìnrin kan lẹ́bi pańṣágà, ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà ní 1961, nítorí pé a kò gbọdọ̀ jẹ ẹnikẹ́ni níyà lórí ohun tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Ní ìhà Àríwá, ìwé òfin ti 1960 kà á sí ọ̀ràn. Ìwé 1916 kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin. England àti Wales dẹ òfin tiwọn lórí èyí ní 1967, tiwa sì tún le sí i ní 2014. Ẹ rí i pé odò kan, òkè kan, tó láti yí ààlà padà.

Ní ti ẹni tí ó bá ba ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 jẹ́, ìwé 1916 fún un ní ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì péré ni ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà. Oṣù méjì! Ilé tí ó bá ń bo orúkọ ara rẹ̀ ti lè lo oṣù méjì lórí ìpàdé ẹbí nìkan. A dúpẹ́ pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dé ní 2003, àti òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015, èyí tí ó dáàbò bo ọkùnrin àti obìnrin. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2021.

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni ó dàrú mọ́ wa lójú: ẹ̀ṣẹ̀, ìtìjú àti ọ̀ràn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, ìrònúpìwàdà sì ni oògùn rẹ̀. Ìtìjú jẹ́ ti ojú ayé. Ọ̀ràn ni kí a fi ipá tàbí ẹ̀tàn ṣe ẹlòmíràn níbi. Ní ọjọ́ tí a ń sọ yìí, a mú ọ̀ràn tí ọkùnrin dá, a pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ ọmọbìnrin, a sì fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ padà ka orí kẹjọ ìwé Jòhánù. Òfin Mósè dárúkọ ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni wọ́n fà wá síwájú Olúwa. A sì ń ka ìtàn náà lọ́dọọdún bí ẹni pé ti àwọn Farisí nìkan ni!

Nítorí náà, ẹ̀yin baba, bí ọmọbìnrin yín bá dákẹ́ lójijì, ẹ má ṣe tètè bínú. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mú un sọ́dọ̀ọ̀, kí ó sì gbọ́ ọ délẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ọmọ ra orúkọ ẹbí. Bí ó bá jẹ́ pé ipá ni, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má ṣe gba ẹ̀sùn kankan wọlé títí ẹ ó fi béèrè ẹnì kejì.

Ní ti àwa, a mú ìwé náà padà síwájú ìpàdé. A kò lè pa ohun tí a kọ rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìdájọ́ ọjọ́ náà kò tọ́. A mú ìròyìn yìí lọ bá ọmọbìnrin náà ní Oǹdó, lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé ìjókòó fún wa, ó sì dúpẹ́. Kò tíì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin kankan. Kí Ọlọ́run dárí jì wá, kí ó sì kọ́ wa láti máa béèrè kí a tó kọ̀wé.