Níbo ni Àǹtẹ́nà Fóònù Wà?

Ìwàásù ni ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí lọ́wọ́ wa nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá gbàdúrà fún àwọn ọmọ SS2, ọ̀kan nínú wọn bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, rédíò ní ọ̀pá, tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀pá, ti fóònù dà?" A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Gbèsè yẹn ni a fẹ́ san níhìn-ín.

Ọ̀pá rédíò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbì rédíò ń rìn ní mílíọ̀nù 300 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì Ray Power, tí ó wà lórí 100.5 FM, ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 100.5 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Nítorí èyí, gígùn ìgbì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Irú ọ̀pá yìí a sì máa ṣiṣẹ́ jù bí ó bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì tí ó fẹ́ gbà, èyí tí í ṣe bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fà á jáde.

Àìmọ èyí jẹ wá níyà. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, orí 900 àti 1800 megahertz ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àbúrò wa kan fi fóònù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kí a lè máa gbọ́ ohùn ìyá wa tí ń ṣàìsàn ní Mushin. Fóònù náà tàn, ṣùgbọ́n kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. A bá ẹni tí ó ta káàdì SIM fún wa jà (kí Ọlọ́run dárí jì wá). Orí 1900 ni wọ́n ṣe fóònù náà fún, àti àǹtẹ́nà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ni a ń lọ títí ìyá wa fi gbádùn.

Lónìí, 3G wà lórí 2100, Wi-Fi wà lórí 2400, 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní 2022 sì wà lórí 3500. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì 900 tó sẹ̀ǹtímítà 8; ti 3500 tó bíi 2. Báwo ni fóònù pẹlẹbẹ kan yóò ṣe gba gbogbo wọn? A lè kó àǹtẹ́nà púpọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kò sí. A lè ká irin náà kó kéré, ṣùgbọ́n ní 1948 ni L. J. Chu ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí àǹtẹ́nà bá ti ń kéré sí ìgbì rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà yóò máa dín kù, àfi bí a bá gbà kí agbára ṣòfò.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n wà. Bí kò bá lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa ṣí kiri. Wọn a gé irin àǹtẹ́nà sí méjì, wọn a fi ẹ̀yà kékeré kan tí ń jẹ́ PIN diode sáàárín. Bí iná díẹ̀ bá wọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí, irin méjèèjì di ọ̀kan, ó gùn, ó sì ń gba ìgbì gígùn. Bí iná bá kúrò, ilẹ̀kùn tì, irin di kúkúrú. Òmíràn, varactor, dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi: díẹ̀díẹ̀ ni a ń yí i. Fífà ọ̀pá rédíò náà ni, kìkì pé kò sí ọwọ́ ẹni níbẹ̀.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Diode a máa jẹ bátìrì, a sì máa gbé nínú agbára ìgbì náà mì. Ó sì le nígbà tí fóònù bá fẹ́ lo ojú ọ̀nà méjì pọ̀, bí 4G ti ń ṣe. Ní tiwa, ìyẹn ni ìṣòro tí ó yẹ kí ọmọ wa kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ mú lọ́kùn-únkúndùn.

Èsì ọmọ náà rèé: ọ̀pọ̀ fóònù onírin ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣe irin, tí ó gé etí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kí ó wo ti bàbá rẹ̀. Irin tí ó wà láàárín ìlà kan sí èkejì, àǹtẹ́nà ni.