Ṣé Ká Ta Ilẹ̀ Kí Ọmọ Lè Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ Òwò Orin?

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tá a jẹ iyán tán nílé wa n'Ìbàdàn, ni àbúrò mi obìnrin sọ fún bàbá wa pé yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti gba òun wọlé láti kàwé gboyè másítà. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí wọ́n tó rántí béèrè ohun tó fẹ́ lọ kọ́.

"Àbójútó òwò orin ni, Bàbá."

Bàbá gbé ife omi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n kọjú sí mi, bíi pé èmi oníròyìn ni mo kó ọ̀rọ̀ náà sí i lórí. "Orin kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ alágbe náà ni wọ́n wá ń gboyè lé lórí lókè òkun báyìí?"

Ẹ má dá Bàbá lẹ́bi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ọdún márùndínlógójì iṣẹ́ kó jọ, púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lẹ́yìn Mọ́níyà ló kù, gbogbo àwa tá a jókòó síbẹ̀ ló sì mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ni wọ́n máa tà bí àbúrò mi bá máa lọ. Ká ní ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ lọ kọ́ ni, wọn ì bá ti pe àwọn tó ń bá ni ta ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n orin!

Ó dá mi lójú pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti Kánò dé Port Harcourt, àwọn ọmọ tó ti gboyè àkọ́kọ́ nínú ìṣirò owó, òfin tàbí iṣẹ́ ìròyìn ń sọ fáwọn òbí wọn pé ìdí orin làwọn ti fẹ́ máa jẹun. Kì í ṣe nídìí gbohùngbohùn o, ẹ̀yìn pèpéle ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wádìí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ àti ohun tó máa ná ìdílé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn lórin. Ẹni tí kò lè fi dùùrù ta dò-rè-mí lè gba oyè náà kó sì yege dáadáa. University of Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ni ní àbójútó òwò orin. University of Liverpool, tó ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ fún orin ìgbàlódé láti ọdún 1988, náà ní oyè másítà nípa iṣẹ́ orin. New York University ní tirẹ̀. Berklee, ilé ẹ̀kọ́ orin tó gbajúmọ̀ ní Boston, gbé tirẹ̀ lọ sí Valencia lórílẹ̀-èdè Sípéènì lọ́dún 2012. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ni irú ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń gbà. Òfin tó de orin ni wọ́n ń kọ́, ìwé àdéhùn, bí owó ṣe ń rìn láti etí olùgbọ́ dé àpò olórin, ètò ìrìn àjò ẹgbẹ́ olórin, ìpolówó, àti bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ tí Spotify, YouTube àtàwọn bíi tiwọn ń gbé jáde.

Gbogbo ìyẹn kò yé Bàbá. Ìgbà tí àbúrò mi fi ilẹ̀ ṣàpèjúwe fún wọn ni wọ́n tó sún àga wọn mọ́ ọn.

Ó ní, "Bàbá, orin kan ṣoṣo, ohun ìní méjì ni. Ọ̀rọ̀ àti ohùn tẹ́nì kan fi ọpọlọ rẹ̀ gbé kalẹ̀, ilẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n wá gbà sílẹ̀ ní sitúdíò, tí ẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò, ilé tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ ni. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè máà ni ilé."

Bọ́rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí olórin mìíràn bá tún orin náà kọ, ilé tuntun ló kọ́, onílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba owó tirẹ̀. Bí rédíò bá lu orin náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ń lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ onílé, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń bá wọn gbà á: PRS fún onílẹ̀, PPL fún onílé àti fún àwọn tó fi ohùn àti ohun èlò orin ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, rédíò AM àti FM kì í san kọ́bọ̀ fún olóhùn tó kọ ọ́, ẹni tó ronú gbé orin náà kalẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Olórin tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa retí owó níbi tí owó kò gbà kọjá.

Níbí náà, a ní òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó gbé orin kalẹ̀ ló ni ín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún tirẹ̀. Ogún tí ọmọ-ọmọ lè jẹ nìyẹn, bí ìwé bá wà.

Bàbá ní, "Ṣé ìwé rẹ̀ máa ń wà?"

Ìbéèrè náà gan-an nìyẹn. Ìwé ìpín kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú orin buwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é: ta ló ni ìdá mélòó. Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti òǹkà méjìlá, tí wọ́n ń fún orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kà á lókè òkun kò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ló mọ̀. Bàbá mi kò lè ra ilẹ̀ láìrí rìsíìtì àti àwòrán tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yà. Bẹ́ẹ̀, inú sitúdíò kún fún àwọn ọmọ tó ń fi orin wọn tọrẹ lórí "bọ̀ọ́dá mi, a jọ wà ńbẹ̀ ni."

Mo ní kí àbúrò mi fún mi ní àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ó mú bírò. Ká ní òde kan san mílíọ̀nù kan náírà fún olórin, tí àdéhùn sì sọ pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni ti mánéjà. Ọkọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti owó àwọn onílù kó ₦700,000 lọ. Bó bá jẹ́ pé lára gbogbo owó tó wọlé ni mánéjà ti ń mú tirẹ̀, ó gba ₦200,000, ₦100,000 ló kù fún olórin tó laágùn di òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìnáwó ni, mánéjà gba ₦60,000, olórin mú ₦240,000 lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan péré nínú ìwé àdéhùn ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Bàbá tún un ṣírò fúnra wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ni wọ́n ṣáà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Àwọn àgbàlagbà ilé wa mọ ìtàn yìí, a ò kàn bi wọ́n ni. Lọ́dún 1969, Haruna Ishola alápàlà àti I. K. Dairo oníjùjú dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ni àwo tó bá kọ. Kò sẹ́nì kankan nínú àwọn méjèèjì tó gboyè másítà. Ní àwọn ọdún 1970, King Sunny Adé bá ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde fà á délé ẹjọ́, kó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn kò sì tán nílẹ̀ títí ọdún 2000 fi kọjá dáadáa. Bàbá ní àwọn rò pé ọ̀rọ̀ owó òde lásán ni wọ́n ń jà sí nígbà yẹn.

Owó náà ti wá ga ju ti ìgbà yẹn lọ. Spotify kéde pé ohun tí àwọn olórin Nàìjíríà rí lórí ìkànnì òun lọ́dún 2024 lé ní 58 bílíọ̀nù náírà. IFPI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde lágbàáyé, ní owó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọjá 100 mílíọ̀nù dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yẹn, South Africa ló ti wọlé. Orin tiwa ni ayé ń jó sí, síbẹ̀ a ò tíì mọ bá a ṣe ń gba owó nílé ara wa tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Mọ́níyà. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dín sí £15,000, ti Berklee sì ga ju ìyẹn lọ. Owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà jẹ́ £776 fún ọdún kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án wà ní báńkì, kó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìdín. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ ka irú másítà yìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ọdún méjì tí wọ́n ń fún wọn láti wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà máa di oṣù méjìdínlógún fún ẹni tó bá béèrè fún un láti oṣù kìíní ọdún 2027. Ẹni tó bá rò pé òun máa fi iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù san owó ilẹ̀ padà láàárín oṣù méjìdínlógún, kó tún un ṣírò.

Ejẹ́ńtì kan n'Ìbàdàn sọ fún wa pé ká má da ara wa láàmú, òun máa bá wa yá owó tó máa sùn ní báńkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn, ká san èlé lé e. A dìde. Bí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá mọ̀ pé èèyàn pa irọ́ nínú ìwé físà, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá.

Ṣé kó má lọ ni mò ń sọ? Rárá o. Kò sí òfin tó ní mánéjà olórin gbọ́dọ̀ ní másítà, nítorí náà ọmọ tí kò tíì ta tíkẹ́ẹ̀tì kan rí kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ akọrin kan ṣírò owó. Ẹ̀ka orin wà ní OAU n'Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Nsukka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ orin fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́ jù níbẹ̀. Ẹni tó ka òfin lè ka másítà òfin nílé níbí, kó dojú kọ ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ti àbúrò mi yàtọ̀ díẹ̀. Ó ka ìṣirò owó, ó sì ti ń bójú tó ìwé ẹgbẹ́ fújì kan láti ọdún mẹ́ta. Ìbéèrè tó fẹ́ lọ bi wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni, máa ń san gbogbo owó másítà ọlọ́dún kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún méjì ni wọ́n ń fún, ó sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣí i ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Àbúrò mi bẹ yunifásítì náà pé kí wọ́n bá òun sún ìwọlé òun sí ọdún tó ń bọ̀, wọ́n gbà. Ó ti ń kọ ìwé Chevening lọ́wọ́.

Bàbá kò tíì ta ilẹ̀. Wọ́n ní kó kó ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ fújì yẹn wá, wọ́n sì ti fi bírò pupa sàmì sí i lórí bí ìwé ọmọ kíláàsì wọn. Lálẹ́ àná, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi bóyá onígángan náà ní ìpín nínú orin tuntun yẹn, nítorí àwọn ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.