Ojúṣe Olùṣètò Eré Kẹ̀kẹ́ Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣètò eré kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kò lè torí pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é kí ó sọ pé òfin kò kan òun. Abala 31 nínú Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó ti ọdún 1988 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣagbátẹrù ìdíje kẹ̀kẹ́ ní ojú pópó láìgba àṣẹ, ìlànà eré kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti ọdún 1960 sì béèrè pé kí a fi tó ọlọ́pàá létí, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 28 ṣáájú. Ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìdíje nínú kò sí lábẹ́ abala yìí, àlàfo tó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ti dí ni.

Síbẹ̀, ojúṣe ìṣọ́ra kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìyẹn ni pé kí ènìyàn ṣọ́ra tó bó ti yẹ kí ìwà tàbí àìkíyèsí rẹ̀ má baà ṣe ìpalára fún ẹni tó lè rò tẹ́lẹ̀ pé yóò kàn. Nítorí náà, olùṣètò gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀nà wò ṣáájú, kí ó fi atọ́nà sí oríta, kí ó pèsè ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣubú o. Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò ni ohun tí olùṣètò olóye ì bá ṣe.

Ìwé tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń fọwọ́ sí pé àwọn kò ní pẹjọ́ kì í gba ẹni tó ń fi ètò náà ṣòwò là bí àìkíyèsí rẹ̀ bá fa ikú tàbí ìfarapa, nítorí àwọn òfin ọdún 1977 àti 2015 lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò gbà á. Ìbánigbófò ni kí olùṣètò kọ́kọ́ wá, kó tó pe ènìyàn jọ.